Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, CRP bàbá mi ti di 212. Ṣé kòkòrò ti wọ egbò ni?

Àbígbẹ̀yìn
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi, ọmọ ọdún 67, ṣe iṣẹ́ abẹ bypass lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ lọ́kàn wọn. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, wọ́n yọ rọ́bà tó wà lọ́nà ọ̀fun wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá gbogbo wa mọ̀, wọ́n tiẹ̀ ń bi wá bóyá a ti sùn. Ohun tó gbé mi dé ibí ni pé láti àná ni ara wọn ti ń gbóná, 38.2. Èsì àyẹ̀wò jáde láàárọ̀ yìí: ẹ̀jẹ̀ funfun 14,000, CRP 212. Mo wò ó lórí fóònù, mo rí i pé ti ẹni tí ara rẹ̀ le kì í sábà ju 10 lọ. Dókítà tó wá yẹ̀ wọ́n wò ní "a ń retí ẹ̀", ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n ti dá oògùn apakòkòrò dúró. Ṣé wọn ò máa fi bàbá mi ṣeré báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ní òun ń lọ bá wọn jà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n yín dúró ná.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Bí CRP ẹnì kan bá jẹ́ 10 lọ́jọ́ kẹta, èmi gan-an ni màá ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n gbé lọ.

CRP kì í ṣe kòkòrò, pùròtéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é nígbà tí ara bá ránṣẹ́ sí i pé ogun dé. Ara ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀bẹ dókítà àti ọ̀bẹ ọlọ́ṣà. Wọ́n fi ayùn la egungun àyà Bàbá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún yọ iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Ara gbà pé wọ́n ti ká òun mọ́lé. Láàárín wákàtí díẹ̀, IL-6, ońṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ ogun, á ti máa pariwo nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló gbọ́ ariwo yẹn tó fi ń tú CRP jáde, CRP á sì máa gòkè títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kó tó yípadà. 150, 200, 250, gbogbo rẹ̀ là ń rí lára àwọn tó padà fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé. Ẹ má retí pé lọ́la ló máa di 10 o. Tí ẹ̀dọ̀ bá dẹ́kun àtiṣe é pátá, nǹkan bíi wákàtí 19 ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ò sì ní dẹ́kun lọ́jọ́ kan.

Ibà kékeré ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ròkè díẹ̀, inú ìjà yẹn kan náà ni wọ́n ti ń wá. Ẹ wá rí ti oògùn apakòkòrò: kí ọ̀bẹ tó kan awọ ara la ti ń fún wọn, láàárín 60 ìṣẹ́jú, kí oògùn lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣáájú kòkòrò. Wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn náà, a ó dá a dúró. Fífà á gùn jù bẹ́ẹ̀ ò fi ààbò kún ààbò, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò ní oríkunkun, ó sì lè da ìgbẹ́ gbuuru lé aláìsàn. Nítorí náà, pé wọ́n dá a dúró kì í ṣe àìbìkítà. Àmọ́ dókítà yẹn ì bá jókòó ṣàlàyé fún yín. Ìyẹn ni mo bá yín fajú ro sí.

Ibi tí nọ́ńbà dojú kọ ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo bó ṣe tóbi tó. Tó bá lọ sílẹ̀ lọ́la àti lọ́tùn-únla, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá wálẹ̀ tán tó wá tún ṣẹ́rí padà sókè lọ́jọ́ karùn-ún, ìkẹfà, ẹ̀rù tèmi náà ń bà mí nìyẹn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí kòkòrò fara pamọ́ sí.

Onípọ́ọ̀ǹpù
Èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n bá dá ọkàn dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìjà ọ̀hún ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀bẹ nìkan ni.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí èèyàn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́ inú iṣan nìkan ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fara kàn. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, a fà á gba inú rọ́bà, a gbé e kọjá níbi tí ọ́síjìn ti ń wọ inú rẹ̀, a dá a padà sára, bíi lítà mẹ́rin sí márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí kan, wákàtí méjì. Ẹ̀jẹ̀ fojú kan rọ́bà, ó ní àlejò burúkú rèé. Àwọn pùròtéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní complement, bí ẹni tó ń tòògbé ni wọ́n rí. Wọ́n á jí lẹ́ẹ̀kan náà. C3a àti C5a tó já lára wọn á máa ké sí ẹ̀jẹ̀ funfun. Neutrophil, jagunjagun iwájú, á lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, á tú ohun ìjà sílẹ̀ níbi tí ọ̀tá kankan ò sí. Ògiri iṣan á wá máa jò. Ẹ ò rí i pé ojú àti ẹsẹ̀ Bàbá wú lọ́jọ́ kejì? Tí wọ́n bá gun òṣùwọ̀n, wọ́n á fi kílò mélòó kan wúwo ju ìgbà tí wọ́n wọlé lọ. Omi ni.

Ìyẹn ìjà kìíní. Ìkejì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá tú iṣan sílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ padà wọ ọkàn. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ò dé fún wákàtí kan, ẹ ó rò pé ayọ̀ ni yóò fi gbà á, àmọ́ ọ́síjìn tó ya dé lójijì yẹn a máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró náà ń jìyà tirẹ̀. Ìfun náà ń kó ti ẹ̀ wá: tí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ bá dínkù, èérún ara àwọn kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀ a máa jò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, endotoxin la ń pè é, ìyẹn á tún bu epo síná.

Nígbà míì iṣan gbogbo ara á tú dẹ̀ẹ̀, ọkàn ń fún dáadáa ṣùgbọ́n ìfúnpá ò gòkè. Tí ẹ bá rántí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi noradrenaline, oògùn tó ń mú iṣan fún pọ̀ kí ìfúnpá lè gòkè, sínú omi tó ń kán sí Bàbá lára lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìjà yìí náà wà lára ohun tó ń fà á.

Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1953 ni John Gibbon kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn tó yọrí, ní Philadelphia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin ọdún 18 ni, ìṣẹ́jú 26 sì ni ẹ̀rọ fi ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún un pátápátá. Láti ìgbà yẹn la ti ń wá bí a ó ṣe tan ẹ̀jẹ̀ jẹ kó má mọ̀ pé rọ́bà ni. A ń fi heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kun inú rọ́bà, a ń gé e kúrú, a ń lo omi díẹ̀ láti fi kún un. Ó dínkù o, kò tán.

Fẹ́mi_Oníbéèrè
Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn kì í kàn fún gbogbo èèyàn ní steroid, oògùn tó ń rọ ìjà inú ara, kí iná yẹn kú?

Onípọ́ọ̀ǹpù
Wọ́n dán an wò dáadáa. Ní Netherlands, wọ́n fún ìdajì nínú aláìsàn 4,494 ní steroid kan tó ń jẹ́ dexamethasone, èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Ní 2015, ti steroid míì, methylprednisolone, jáde, èèyàn 7,507 ní orílẹ̀-èdè 18. Iná ìjà náà rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iye àwọn tó kú ò dínkù tó ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ìyẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n kan: ìjà yìí kì í ṣe ibi látòkè délẹ̀. Egbò ò lè jinná láìsí i. Tí èèyàn bá lu gbogbo ọmọ ogun ìlú pa nítorí pé wọ́n ń pariwo, ta ni yóò wá kó òkú kúrò nílẹ̀?

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ọkàn ṣì ń lù láìlo ẹ̀rọ náà wà. Ariwo inú ẹ̀jẹ̀ kéré níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì la egungun àyà, ìwádìí ńláńlá ò sì fi hàn pé ó sàn jù fún gbogbo èèyàn.

Ọ̀rẹ́_Àlàáfíà
Ẹ jẹ́ ká má fi gírámà pa ara wa. Ohun tí Bàbá nílò ni kí agbára àjẹsára wọn lọ sókè. Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń tà lórí ayélujára, ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ funfun di púpọ̀. Ìyá ìyàwó mi lò ó.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ̀jẹ̀ funfun Bàbá ti di 14,000, ẹ tún fẹ́ kó pọ̀ sí i? Ẹ dákun, Àbígbẹ̀yìn, ẹ má gbé ìyẹ̀fun kankan dé ọ̀dọ̀ Bàbá láìjẹ́ pé dókítà rí páálí rẹ̀. Òmíì nínú wọn ń da oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn rú, bàbá tó ń bọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀.

Àmọ́ Ọ̀rẹ́_Àlàáfíà ò ṣì sọ pátápátá, ọ̀rọ̀ kan wà nídìí ohun tí wọ́n sọ. Bí ara ṣe ń pariwo, bẹ́ẹ̀ náà ló ń rán apẹ̀tùsíjà jáde, IL-10 wà lára wọn. Lymphocyte, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun kan, á wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Monocyte, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun míì tó yẹ kó máa gbé orí kòkòrò tó pa han àwọn yòókù, pé "ẹ wo ẹni tí ẹ ó máa wá", ọwọ́ rẹ̀ á rọ. HLA-DR tó fi ń gbé e hàn á dínkù lára rẹ̀. Ara kan náà ń jà jù, ó sì tún ń rẹ̀ ẹ́, nígbà kan náà. Àsìkò àárẹ̀ yẹn gan-an ni òtútù àyà àti kòkòrò ojú egbò ń wá ọ̀nà wọlé. Kò sí ìyẹ̀fun tó ń tún ìyẹn ṣe. Ohun tó ń ṣe é kò wuni láti sọ: kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ má kọjá 180 mg/dL, yálà wọ́n ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ tàbí wọn ò ní, torí iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ń gbé ṣúgà ga, kí wọ́n máa mí kanlẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró là, kí wọ́n máa wúkọ́, kí wọ́n di tìmùtìmù mọ́ àyà tí wọ́n bá fẹ́ wúkọ́, kí wọ́n dìde lórí ibùsùn, kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n fọ ọwọ́. Ẹ̀yin náà o, tí imú yín bá ń ṣomi, ẹ dúró sílé.

Àbígbẹ̀yìn
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ti Onípọ́ọ̀ǹpù sókè fún ẹ̀gbọ́n mi, ó jókòó. Nǹkan méjì míì ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná. Bàbá ń sọ kántankàntan, wọ́n ní àwọn ọkùnrin kan ń kun ògiri yàrá. Ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n ní ọkàn ń lù ségesège, AF. Ṣé ìjà yìí kan náà ni?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ó ní ọwọ́ nínú méjèèjì, òun nìkan kọ́. AF lẹ́yìn bypass, bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ń bá, ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ló sì wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á wo potassium àti magnesium, àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á fún wọn lóògùn, ti ọ̀pọ̀ èèyàn ń padà bọ̀ sípò. Ti ọ̀rọ̀ kántankàntan, oògùn ìrora, àìsùn, ọjọ́ orí àti ìjà inú ara ló pàdé. Ẹ gbé ìgò ojú wọn lọ fún wọn, ẹ ṣí aṣọ fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ máa sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ fún wọn, ẹ má sì bá wọn jiyàn lórí àwọn tó ń kun ògiri. Ẹ ṣáà sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ rí i, torí nígbà míì ó lè jẹ́ àmì pé kòkòrò wà níbì kan.

Alápá_Àyà
Ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n là láyà sọ tèmi, torí gbogbo yín ń sọ ti ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kẹta ni tèmi dé.

Fáàfù, ìlẹ̀kùn inú ọkàn, ni wọ́n pààrọ̀ fún mi. Mo ti délé, mo ti ń rìn yí ilé po. Lọ́jọ́ kan ibà gbé mi, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi. Tí mo bá fà èémí sínú, ó ń gún. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń gún. Tí mo bá jókòó tí mo tẹ̀ síwájú, ó rọlẹ̀. Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ ní òtútù àyà ni, wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ márùn-ún. Kò gbọ́. Ìgbà tí mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó là mí ni wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi, wọ́n rí omi nínú àpò tó yí i ká, ó tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n pè é ní post-pericardiotomy syndrome. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: nígbà tí wọ́n la àpò ọkàn, èérún ara rẹ̀ bọ́ síta, àjẹsára rí i, kò dá a mọ̀, ó sọ ọ́ di ọ̀tá. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ara mi ló ń bá ara mi jà.

Aspirin tó pọ̀ díẹ̀ àti colchicine, oògùn míì tó ń rọ irú ìjà yìí, ni wọ́n fún mi, ó sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé colchicine jẹ́ kí n mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lókùnkùn. Mo wá rí i nígbà tó yá pé ní Italy, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lára èèyàn 360, èsì jáde ní 2010: nínú àwọn tó lo colchicine láti ọjọ́ kẹta, 8.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn yìí, nínú àwọn tí kò lò ó, 21.1. Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí tèmi lọ ra oògùn ìrora fúnra rẹ̀. Àwọn tó dà bí ibuprofen, ìkìlọ̀ wà lára wọn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe bypass. Tí ibà àti àyà gígún bá sì wá pẹ̀lú èémí tó ń há, òòyì tàbí dídákú, ẹ má dúró di àárọ̀, omi yẹn lè fún ọkàn mọ́.

Ìyá_Ọmọ_Kékeré
Ọmọ oṣù mẹ́rin ni tèmi, nítorí náà ó yàtọ̀. Kí wọ́n tó lè dé ọkàn ọmọ ọwọ́, wọ́n sábà ń gé thymus kúrò, ó bo iwájú ọkàn, ibẹ̀ sì ni T cell, àwọn ọmọ ogun àjẹsára kan, ti ń gba ẹ̀kọ́. A bi wọ́n léèrè, wọ́n ní apá kan ni wọ́n gé. Ẹ bèèrè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún sọ fún àwọn tó ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, torí abẹ́rẹ́ èèyi ní láti dúró fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, kó tó lè ṣiṣẹ́.

Onípọ́ọ̀ǹpù
Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kàn: ẹ máa wo platelet, àwọn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì. Ó ń wálẹ̀ lára gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kìíní, kejì, ó sì ń padà gòkè. Tó bá wá ya lulẹ̀ sí ìdajì láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, ẹ bi wọ́n bóyá àjẹsára ti kọ heparin. HIT ni wọ́n ń pè é. Ohun tó ń yà èèyàn lẹ́nu níbẹ̀ ni pé platelet kéré, síbẹ̀ dídì ni ẹ̀jẹ̀ ń dì.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Òótọ́ ni. Ní ti egbò, nígbà tí ẹ bá délé: tí egungun àyà bá ń dún kẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá yíra padà, tí omi tàbí ọyún bá ń jáde, tí ẹ̀bá ojú abẹ bá ń pọ́n sí i dípò kó máa rọ, tí ibà tó ti lọ bá tún dé, ẹ padà lọ́jọ́ náà. Kòkòrò tó bá wọ abẹ́ egungun àyà kò pọ̀, bí ẹnì kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ó burú, Staphylococcus aureus ló sì sábà máa ń fà á. Ẹ má gbàgbé ojú egbò ẹsẹ̀ o, gbogbo èèyàn ń wo àyà nìkan.

Àbígbẹ̀yìn
Ọjọ́ kẹjọ rèé. CRP: 212, 171, 118, 74. Ara wọn 37.1. AF lọ lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn oògùn. Platelet ti gòkè, mo bèèrè, nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni tó rí ẹ̀mí àìrí. Àwọn tó ń kun ògiri ti kó irin iṣẹ́ wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ lọ jà ló ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé báyìí láràárọ̀, ó tún fi rúlà fa ìlà sí i. Wọ́n ní lọ́tùn-únla la máa lọ sílé. Bàbá ní kí n bi Alápá_Àyà: ìgbà wo ni wọ́n tó lè fi ẹ̀gbẹ́ sùn?

Alápá_Àyà
Ẹ bá mi kí wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni tèmi, lẹ́yìn tí dókítà mi fọwọ́ sí i. Kí wọ́n bi tiwọn kí wọ́n tó dán an wò. Kó tó dìgbà yẹn, ìrọ̀rí mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan.